Ilé Ẹṣin Audley End: Ohun Tí Bíríkì Pupa Kọ́ Wa

Nígbà tí ìsinmi ráńpẹ́ dé, tí ọ̀pọ̀ nínú yín forí lé ilé àwọn ẹbí ní Lọ́ńdọ̀nù láti lọ jẹ àmàlà, àwa mẹ́fà kan nínú ẹgbẹ́ yìí dá owó jọ, a ní a fẹ́ lọ wo ilé àwọn olówó àtijọ́ ní ìgbèríko ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ilé ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Audley End ni a yàn, nítòsí ìlú Saffron Walden ní ìpínlẹ̀ Essex. Ààfin ni a tìtorí rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ohun tí a rí tí a kò fi lè dákẹ́, tí a fi ní kí a kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn yìí, kì í ṣe ààfin náà. Ilé ẹṣin ni.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín. Àwa náà ti rẹ́rìn-ín kí a tó débẹ̀.

Láti Liverpool Street ní Lọ́ńdọ̀nù ni a ti wọ ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ sí Cambridge. Ìwọ̀n wákàtí kan ni a fi dé ibùdókọ̀ tí wọ́n fi orúkọ ilé náà pè, a sì fi ẹsẹ̀ rin ìyókù. Ọ̀nà kò gùn lójú wa, nítorí pé àríyànjiyàn wà láàárín wa. Ẹ̀gbọ́n wa kan tó ń kọ́ iṣẹ́ ayàwòrán ilé mú pùláànù kan dání, ó ká a bí ẹní. Ilé tí ó fẹ́ kọ́ fún bàbá rẹ̀ nílé ni: pẹ̀tẹ́ẹ̀sì oníyàrá mẹ́rìnlá, òpó ńláńlá mẹ́fà níwájú, àti àtẹ̀gùn méjì tó pàdé lókè. Owó iṣẹ́ alẹ́ tí ó ń ṣe níhìn-ín ni ó ń fi ránṣẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ìpìlẹ̀ sì ti jáde nílẹ̀. Àwọn kan nínú wa ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú orí ire, ilé ni iyì ọmọkùnrin." Àwọn kan ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa bínú o, ta ni yóò máa sùn nínú yàrá mẹ́rìnlá?" Ó ní kí a jẹ́ kí a dé ilé olówó Gẹ̀ẹ́sì náà ná, a ó rí i pé kò sí ẹni tí ń fi ilé kékeré gba iyì. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń jiyàn títí a fi dé ẹnu ọ̀nà.

Kí a tó wọ ilé ẹṣin, ẹ jẹ́ kí a sọ ìtàn onílé. Ilé àwọn mọ́ńkì ló wà lórí ilẹ̀ náà tẹ́lẹ̀. Nígbà tí Ọba Henry Kẹjọ tú ilé àwọn mọ́ńkì ká, ó fi ibẹ̀ ta Sir Thomas Audley lọ́rẹ ní ọdún 1538. Orúkọ ọkùnrin yìí ni ibẹ̀ ń jẹ́ títí di òní. Ọmọ ọmọ rẹ̀ kan, Thomas Howard, tó jẹ oyè Earl ti Suffolk, ló wá kọ́ ilé tuntun síbẹ̀ láàárín nǹkan bí ọdún 1605 sí 1614. Ilé náà tóbi débi pé agbo ilé méjì ló ní, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, pẹ̀lú àgbàlá tirẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní Howard fúnra rẹ̀ sọ fún Ọba James Kìíní pé ohun tí òun ná lé e lórí tó £200,000. Wọ́n tún ní ọba wò ó yíká, ó wá fèsì pé ilé náà ti tóbi jù fún ọba, àfi bí yóò bá yẹ Olú Akápò. Howard gan-an ni Olú Akápò ìjọba láti ọdún 1614.

Àwàdà ni, ṣùgbọ́n àwàdà ọba kì í ṣe àwàdà lásán. Ní ọdún 1618 wọ́n yọ Howard nípò. Ní ọdún 1619 wọ́n gbé òun àti ìyàwó rẹ̀ lọ sílé ẹjọ́ pé wọ́n kó owó ìjọba jẹ. Wọ́n jẹ̀bi, wọ́n sì tì wọ́n mọ́ inú Tower of London fún ọjọ́ díẹ̀. Owó ìtanràn tí wọ́n bù lé wọn jẹ́ £30,000 kí wọ́n tó dín in kù sí £7,000. Gbèsè kò kúrò lọ́rùn ọkùnrin náà títí ó fi kú ní ọdún 1626. Àwọn àgbà wa ti sọ ọ́ tipẹ́: ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Ó dára. A wọlé, a sì bẹ̀rẹ̀ sí wo ọ̀tún wo òsì. Ààfin náà lẹ́wà, kò sí àní-àní. Òkúta ni wọ́n fi bo ojú rẹ̀, ó sì ń tàn nínú oòrùn. Ṣùgbọ́n kí a tó sún mọ́ ọn, a rí ilé gígùn kan tó dá dúró lọ́tọ̀, tí gbogbo ara rẹ̀ pupa bí erùpẹ̀ ọ̀nà oko lẹ́yìn òjò. Orí ògiri rẹ̀ ṣe ṣóńṣó ṣóńṣó ní ọ̀pọ̀ ibi, bí ìgbà tí ènìyàn méjì bá fi ìka ọwọ́ kan ara wọn. Fèrèsé rẹ̀ ga, wọ́n sì fi òpó tẹ́ẹ́rẹ́ pín in sí ojú púpọ̀. A rò pé ilé àlejò ọba ni. Ọ̀kan nínú wa tilẹ̀ yọ fóònù jáde, ó ti ya ìyẹn ná. Ìgbà tí afẹ́fẹ́ gbé òórùn koríko àti ìgbẹ́ ẹran wá bá wa ni a tó mọ ibi tí a wà. Ilé ẹṣin tó ti wà láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1600 ni, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì ti kọ ọ́ sí ìpele àkọ́kọ́ nínú ìwé àwọn ilé tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn láìgba àṣẹ.

Ohun àkọ́kọ́ tí a bi ara wa ni pé, kí ló dé tí ilé ènìyàn fi jẹ́ òkúta, tí ti ẹṣin fi jẹ́ bíríkì? Ẹ̀gbọ́n wa ayàwòrán ilé dá wa lóhùn. Ní apá ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òkúta líle tó dára fún ilé kò pọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ fi owó gọbọi gbé e wá láti ọ̀nà jíjìn. Ṣùgbọ́n amọ̀ kún ilẹ̀ Essex. Àwọn ará Róòmù ló kọ́kọ́ mú bíríkì sísun wá sí ilẹ̀ yìí. Nígbà tí ìjọba wọn kúrò ní nǹkan bí ọdún 410, iṣẹ́ náà pa rẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún. Nígbà tó tún jí padà, Essex wà lára ibi tó ti kọ́kọ́ jí. Bíríkì tí àwọn mọ́ńkì Coggeshall lò ní nǹkan bí ọdún 1200 wà lára èyí tó pẹ́ jù lọ tí àwọn ará ilẹ̀ yìí sun lẹ́yìn àwọn ará Róòmù. Nígbà tí ó fi máa di àwọn ọdún 1520, àwọn olóyè ti ń fi bíríkì ṣe fáàrí: ilé ẹnubodè gíga tí wọ́n ń pè ní Layer Marney Tower ṣì wà ní Essex kan náà.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe bíríkì láyé ìgbà náà kò ṣòro láti ṣàlàyé, ṣùgbọ́n ó gba sùúrù. Nígbà tí ewé bá ń wọ́ ni wọ́n máa ń wa amọ̀, wọn a kó o jọ síta kí yìnyín ìgbà òtútù lè fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ bá móoru díẹ̀, wọn a pò ó, wọn a tẹ̀ ẹ́ sínú àpótí onígi tí kò nídìí, wọn a wá tò ó síta kí ó gbẹ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á tò ó jọ bí òkìtì ńlá, wọn a fi igi sáàárín, wọn a sì dáná sí i. Èyí tó sún mọ́ iná jù a dúdú, èyí tó jìnnà a pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́. Ìdí nìyí tí ògiri àtijọ́ kì í fi í ní àwọ̀ kan ṣoṣo. Ẹ sún mọ́ ògiri Audley End dáadáa, ẹ ó rí pupa bí i mẹ́wàá níbẹ̀. Ìwọ̀n bíríkì kan, ọwọ́ ọmọ ènìyàn ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n: gígùn rẹ̀ tó nǹkan bí íǹṣì mẹ́sàn-án, fífẹ̀ rẹ̀ tó ìdajì èyí, kí bíríkìlà lè fi ọwọ́ kan gbé e, kí ó fi ìkejì di ohun èlò mú.

Títò rẹ̀ náà ní ọgbọ́n. Bí àwọn bíríkìlà ìgbà náà ti sábà máa ń ṣe é ni pé, ní ìlà kan, wọn a tẹ́ bíríkì ní gígùn rẹ̀. Ní ìlà tó tẹ̀ lé e, wọn a fi bíríkì dábùú ògiri, tó fi jẹ́ pé orí rẹ̀ nìkan ni yóò hàn síta. Báyìí ni iwájú ògiri àti ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe ń di ara wọn mú. Kì í sì í ṣe sìmẹ́ǹtì ni wọ́n fi ń lẹ̀ ẹ́. Òkúta ẹfun ni wọ́n máa ń sun nínú iná títí yóò fi di ìyẹ̀fun, tí wọ́n á wá fi omi àti yanrìn pò ó. Ohun ìlẹ̀ yìí rọ̀ ju bíríkì lọ. Bí ilẹ̀ bá sún díẹ̀, yóò fara dà á láìfọ́ bíríkì. Bí ọ̀rinrin bá wọ ògiri, yóò gba ibẹ̀ jáde. Ẹni tó bá fi sìmẹ́ǹtì líle tún irú ògiri bẹ́ẹ̀ ṣe, ó rò pé òun ń ràn án lọ́wọ́ ni, àṣé ó ń tì í mọ́ inú ọ̀rinrin. Ojú bíríkì a sì bẹ̀rẹ̀ sí í bó.

A wọlé. Ní ọdún 2010 ni àwọn alábòójútó ibẹ̀ dá ẹṣin padà sínú ilé náà, wọ́n sì tún inú rẹ̀ ṣe bí ó ti rí ní ìgbà Ọbabìnrin Victoria. Ẹṣin kan yọ orí síta láti wò wá. Ọ̀kan nínú wa tó ti pariwo lọ́nà pé ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde ni òun, pé ojú òun ti rí ẹṣin ní Ojúde Ọba kó tó rí tiyín, ló kọ́kọ́ sá sẹ́yìn. A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀rín tán, a wá ń wo bí wọ́n ṣe to gbogbo nǹkan.

Ẹṣin kì í ṣe ẹran kékeré. Ó lè mu omi gálọ́ọ̀nù márùn-ún sí mẹ́wàá lóòjọ́, ibi tó bá sì wọlé, ibẹ̀ ni yóò ti jáde. Ìtọ̀ rẹ̀ ní èéfín kan tó ń ta imú, tó lè ba ojú àti ẹ̀dọ̀fóró ẹran náà jẹ́ bí ilé bá há. Nítorí náà ni ẹni tó bá ń kọ́ ilé ẹṣin gidi ṣe gbọ́dọ̀ fi ti ẹṣin ṣáájú ti ara rẹ̀. Ilẹ̀ gbọ́dọ̀ le kí pátákò má baà wa á, kí ó sì dagun díẹ̀ kí ìtọ̀ lè ṣàn lọ sínú gọ́tà. Òrùlé gbọ́dọ̀ ga kí afẹ́fẹ́ gbígbóná lè gòkè. Fèrèsé gbọ́dọ̀ gba ìmọ́lẹ̀ wọlé láìjẹ́ kí atẹ́gùn òtútù fẹ́ lu ẹran tó ti làágùn. Àjà ni wọ́n máa ń kó koríko gbígbẹ sí: ó ń jẹ́ kí ilé móoru nígbà òtútù, láti ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ti lè jù ú wá sílẹ̀ sínú ibùjẹ. Ògiri bíríkì tó nípọn kì í tètè gbóná, kì í tètè tutù, iná kì í sì í tètè ràn án. Ọ̀rọ̀ iná yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré níbi tí koríko gbígbẹ àti fìtílà bá ti jọ ń gbé. Ìdí kan náà nìyí, yàtọ̀ sí òórùn àti eṣinṣin, tí wọ́n fi ń kọ́ ilé ẹṣin sí ọ̀nà jíjìn díẹ̀ sí ilé olówó.

Àwọn tó ń tọ́jú ẹṣin ńkọ́? Nínú ọ̀pọ̀ irú ilé báyìí, òkè orí ẹṣin ni àwọn ọmọkùnrin tó ń bọ́ wọn máa ń sùn sí, kí wọ́n lè gbọ́ bí ẹran kan bá ṣubú lóru. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni wọ́n ti ń kó ìgbẹ́, tí wọ́n ń pọn omi, tí wọ́n ń nu gàárì àti ìjánu. A dúró níbẹ̀ díẹ̀, a kò sọ nǹkan kan. Nínú àwa mẹ́fà, mẹ́rin ló ń ṣe iṣẹ́ alẹ́: ẹni tó ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì wà níbẹ̀, ẹni tó ń tọ́jú arúgbó wà níbẹ̀. A mọ irú oorun tí wọ́n ń sùn.

Lẹ́yìn èyí ni a wá lọ wo ààfin. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. A bi àgbàlagbà kan tó ń mú àlejò káàkiri pé níbo ni agbo ilé kejì wà, èyí tí ìtàn sọ. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní koríko ni a dúró lé lórí yẹn.

Ó wá là á yé wa. Ní ọdún 1668 Ọba Charles Kejì ra ilé náà ní £50,000, kí ó lè rí ibi wọ̀ sí nígbà tí ó bá ń lọ wo eré ẹṣin ní Newmarket. Kò ju ọdún 1701 lọ tí ilé náà fi padà sọ́wọ́ ìdílé Suffolk: ọba pàápàá kò lè máa tọ́jú rẹ̀. Láti ìgbà náà ni wíwó bẹ̀rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1700, agbo ilé iwájú lọ. Ní àwọn ọdún 1750, apá ẹ̀yìn tí gbọ̀ngàn gígùn wà nínú rẹ̀ náà lọ. Nígbà tí Sir John Griffin Griffin jogún ibẹ̀ ní ọdún 1762, tí ó sì pe Robert Adam láti tún inú ilé ṣe, apá kan péré nínú ohun tí Howard kọ́ ni ó bá. Ní ọdún 1948 ìjọba ra á lọ́wọ́ ìdílé tó ni ín, láti ọdún 1984 sì ni àjọ English Heritage ti ń bójú tó o.

Nínú gbogbo ọdún wọ̀nyí, kò sẹ́ni tó wó ilé ẹṣin. Kí ni wọn ì bá wó o sí? Ẹni yòówù tó bá ni ààfin, ì báà jẹ́ ọba tàbí olóyè, ìbáà jẹ́ ọlọ́rọ̀ tàbí onígbèsè, ó nílò ẹṣin. Yàrá tí a kọ́ kí àlejò lè yanu wò ó ni wọ́n wó, nítorí pé àlejò kò wá mọ́, òrùlé rẹ̀ sì ń jẹ owó. Yàrá tí a kọ́ kí ẹran lè mí, kí ó jẹun, kí ó sì dúró níbi gbígbẹ, iṣẹ́ rẹ̀ kò tán títí mọ́tò fi dé.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ wo àdúgbò yín. Àwọn òpópónà kékeré tí wọ́n ń pè ní Mews, tó wà lẹ́yìn àwọn ilé gíga, ilé ẹṣin ni ọ̀pọ̀ wọn tẹ́lẹ̀: ẹṣin àti kẹ̀kẹ́ nísàlẹ̀, ẹni tó ń wà á lókè. Nígbà tí mọ́tò gba iṣẹ́ ẹṣin, wọ́n sọ wọ́n di ilé gbígbé, lónìí olówó ló ń rà wọ́n. Ilé tó bá wúlò kì í pẹ́ kó tó rí iṣẹ́ mìíràn ṣe.

Nígbà tí a ń padà bọ̀, Ẹ̀gbọ́n wa kò bá wa jiyàn mọ́. Ó tẹ́ pùláànù rẹ̀ sórí tábìlì kékeré inú ọkọ̀, ó ń wò ó. Ọ̀kan nínú wa fẹ́ ṣe ẹ̀fẹ̀ pé kí ó fi yàrá ẹṣin kan kún un, a fi ojú bá a wí. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ó tó sọ̀rọ̀. Ó ní, "Mi ò bi bàbá mi léèrè rí pé mélòó ló ń sùn nílé lójoojúmọ́. Àlejò ọjọ́ ìkólé nìkan ni mo yàwòrán fún."

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ó sọ fún wa pé òun ti pe bàbá òun lórí fóònù. Bàbá ní, "Èmi, ìyá rẹ, àti ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ méjì tó ń lọ sílé ìwé." Ènìyàn mẹ́rin. Ẹ̀gbọ́n wa wá ní bí òun bá ṣe ilé oníyàrá márùn-ún ńkọ́, tí òrùlé rẹ̀ ga, tí atẹ́gùn ń fẹ́ gba inú rẹ̀ kọjá, tí yàrá àwọn méjèèjì sì wà nísàlẹ̀ nítorí orúnkún ìyá? Ó ní bàbá dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní, "Ó dáa, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n kí ni a ó sọ fún àwọn ará àdúgbò tó ti rí ìpìlẹ̀ oníyàrá mẹ́rìnlá?"

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, ìbéèrè bàbá yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín, a kò sì ní fi ẹnu wa gé e kúrú. Ojú ayé wà, ìtìjú wà, ọ̀pọ̀ wa ló sì ń kọ́ ilé láti ìlú òkèèrè fún ojú tí kò sí níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wa kò tíì rí ohun tó máa dá bàbá rẹ̀ lóhùn, àwa náà kò sì tíì rí i bá a sọ. Ẹni tó bá ní ìdáhùn, kí ó kọ̀wé sí olóòtú. Ẹni tí kò bá sì ní, kí ó wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Audley End ní ọjọ́ Sátidé kan tí oòrùn bá ràn, kí ó dúró láàárín ilé ẹṣin tó pé pérépéré àti koríko tí ààfin wà tẹ́lẹ̀. Kí ó wo ọ̀tún, kí ó wo òsì.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí a parí ohun tí a bá wá, kí a sì délé láyọ̀. Àṣẹ.